"Meddle" kì í ṣe "dá sí" lásán

Bí ará ilé kan ní Ìkòròdú bá ń tojú bọ ọ̀rọ̀ tọkọtaya tí kò kàn án, "meddle" ni Gẹ̀ẹ́sì ń pè é. Àbùkù wà nínú rẹ̀, ẹ má fi sọ̀rọ̀ sí àgbà. Tí àgbà bá dá sí ìjà láti parí rẹ̀, "intervene" ló tọ́ sí i.

Àṣìṣe kan ni "He is meddling my affairs". Kò tọ̀nà, torí "meddle" kì í gba àbọ̀ ("object") ní tààrà: "in" ló ń tẹ̀lé e fún ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀, "with" fún nǹkan táa ń fọwọ́ tú. Ẹni tó tú mítà iná kó má baà kà dáadáa ńkọ́? "Tamper with" ló bá a mu jù. Atojúbọ̀ gan-an ni "meddler".