Yàrá Ìkíni

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, lálẹ́

Aago márùn-ún ààbọ̀ ìdájí ni fóònù mi dún. Kí n tó la ojú tán ni mo ti mọ ẹni tó ń pè wá jí. "Ẹ káàárọ̀ o, gbogbo ará àdúgbò. Ṣé dáadáa la jí? Ọlọ́hun á jẹ́ ká ríre bá pàdé lónìí." Àwòrán òdòdó kan àti kọ́ọ̀bù tíì tó ń rú èéfín tẹ̀ lé e, àwòrán tí mo ti rí débi pé mo lè yà á lójú oorun. Alhaja ni. Ibi tó ti kí wa ló fa wàhálà: orí gúrúùpù WhatsApp àdúgbò wa àtijọ́ ni, níbi tí a ti kó kúrò láti ọjọ́ mẹ́rìndínlógún sẹ́yìn.

Èmi akọ̀wé ẹgbẹ́ àdúgbò ni mo kọ ìkéde ìkólọ náà. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo kọ ọ́. Ẹ̀ẹ̀kẹta, lẹ́tà ńlá ni mo fi kọ gbogbo rẹ̀ (mo mọ̀ pé kò bójú mu, inú ló ń bí mi). Mọ́kànlá nínú wọn fi àwòrán àtàǹpàkò dá mi lóhùn, wọ́n sì jókòó síbi tí wọ́n wà.

Kí n sọ bó ṣe bẹ̀rẹ̀. Lóṣù tó kọjá, fóònù akápò wa já bọ́ sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì omi ìfọṣọ. Gbogbo rísíìtì owó ọlọ́dẹ tí àwọn èèyàn ń fi ránṣẹ́ sí i ní ìkọ̀kọ̀, orúkọ àwọn tó ti san àti àwọn tó ń sá, owó tí a dá láti fi tún tiransifọ́mà ṣe, inú fóònù yẹn ni gbogbo rẹ̀ wà, kò sì ní ẹ̀dà níbòmíràn. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, ẹni mẹ́rin tó jẹ gbèsè oṣù mẹ́ta ti ń búra pé àwọn ti san. Ọ̀kan tiẹ̀ ní òun san lé.

Alága pe ìpàdé. Tọ́pẹ́, ọmọ nọ́mbà keje, tó ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní Yaba, dìde, ó ní áàpù kan wà tí àkọsílẹ̀ kì í ti í wà lọ́wọ́ ẹnì kan ṣoṣo, tí ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé á lè ka ohun tí wọ́n ti sọ kó tó dé. Èyí tó dùn mọ́ wa jù ni pé a lè pín in sí yàrá-yàrá: yàrá owó, yàrá iná, yàrá ààbò, yàrá ọjà títà, yàrá ìkíni. (Mi ò ní dárúkọ áàpù náà, kí ẹnikẹ́ni má sọ pé wọ́n fún mi lówó ìpolówó.) Gbogbo wa pàtẹ́wọ́. Èmi náà pàtẹ́wọ́. Lójú mi, àpótí aṣọ ni mo ń rí: bùbá níbí, ìró lọ́hùn-ún, gèlè lókè téńté.

Èèyàn mẹ́tàlélógóje ló wà nílé àtijọ́. Mọ́kànlélọ́gọ́ta ló ti bá wa dé ilé tuntun. Àwọn tó ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀ kò ju mẹ́sàn-án lọ, mẹ́ta nínú wọn sì ni èmi, Alága àti Tọ́pẹ́. Àwọn yòókù ń yọ́ wọlé bí ológbò, wọ́n á kà, wọ́n á jáde.

Ohun tí àwọn èèyàn ń sọ kò jọra rárá. Bàbá Rísì ní, "Ẹ̀yin ọmọ ìwé, ẹ ti tún dé nìyẹn. Kí ló ṣe èyí tí à ń lò?" Onílé kan lókè àdúgbò ní òun ò lè lo ibi tí máàkì méjì kì í ti í di aláwọ̀ búlúù, ó ní búlúù yẹn lòun fi ń mú ayálégbé tó bá ka ọ̀rọ̀ owó ilé tó wá dákẹ́. Ọkùnrin tó kọ́kọ́ sọ nípàdé pé "ìmọ̀ràn gidi nìyí" ò sọ nǹkan kan mọ́, àfi bí a ṣe rí i lálẹ́ ọjọ́ kan pé ó ti jáde kúrò nínú méjèèjì.

Ọ̀rọ̀ Ìyá Ìbejì ló dùn mí jù, torí pé kò sí ẹ̀sùn nínú rẹ̀. Ó dúró nídìí ààrò àkàrà ẹ̀, ó ní, "Akọ̀wé, dátà WhatsApp nìkan ni mo máa ń rà. Tí mo bá ń lọ síbi tẹ́ ẹ kó lọ yẹn, á máa gbọ́n owó mi lọ." Òótọ́ ni. Àwọn ilé iṣẹ́ tẹlifóònù máa ń ta dátà kékeré tó jẹ́ ti WhatsApp nìkan, owó rẹ̀ kò sì tó ti gidi. Ọ̀nà ilé àtijọ́ kò ná an ní nǹkan kan tó ga, owó ọkọ̀ ọ̀nà ilé tuntun sì ń bẹ lọ́rùn rẹ̀. Alága ń lo íntánẹ́ẹ̀tì ọ́fíìsì. Tọ́pẹ́ ń lo ti ibi iṣẹ́. Èmi ní ti ọmọ mi. Nínú gbogbo wa tó jókòó nípàdé yẹn, kò sí ẹni tó ronú kan Ìyá Ìbejì.

Kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ tí mo máa kó nìyí. Mo ti lo BBM rí, áàpù ìfọ̀rọ̀ránṣẹ́ ti BlackBerry, nígbà tí èèyàn fi ń bi ara wọn ní PIN (nọ́mbà tí wọ́n fi ń rí ara wọn níbẹ̀) kí wọ́n tó béèrè orúkọ. Ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n oṣù karùn-ún ọdún 2019 ni wọ́n ti ilẹ̀kùn rẹ̀ fún àwa mẹ̀kúnnù, ṣùgbọ́n ta ló ṣẹ́kù níbẹ̀ nígbà yẹn? Ó ti pẹ́ tí a ti lọ, kò sì sẹ́ni tó kọ ìkéde. Ẹ̀gbọ́n mi lọ, mo tẹ̀ lé e. Mo lọ, ọ̀rẹ́ mi tẹ̀ lé mi. Nígbà tí WhatsApp wá gbé àdéhùn tuntun jáde ní oṣù kìíní ọdún 2021, tí wọ́n kọ́kọ́ fún wa di ọjọ́ kẹjọ oṣù kejì ká gbà á, tí wọ́n tún sún un sí ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù karùn-ún, ariwo gba gbogbo Èkó. Èmi náà pariwo. Mo gbé áàpù míì sórí fóònù, mo sì lo ọjọ́ mẹ́ta níbẹ̀ ní èmi nìkan bí ẹni tó dé òde ìnáwó kí àwọn alásè tó dé. Àwọn àbúrò ìyá mi ò kúrò lójú kan. Mo padà.

Ṣùgbọ́n Ìyá Àgbà ni ọkàn mi ń lọ sí láti ọ̀sán, ìyá tó bí bàbá mi.

Ìsàlẹ̀ Èkó ni wọ́n ti kó wa wá sí Sùúrùlérè yìí. Ní 1955 ni LEDB (Lagos Executive Development Board), àjọ tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1928 lẹ́yìn tí àrùn tí eku ń tàn kálẹ̀ ti pa èèyàn l'Ékòó, bẹ̀rẹ̀ sí í wó àwọn ilé àtijọ́ ní Ìsàlẹ̀ Èkó. Wọ́n ní àwọn ilé náà há jù, gọ́tà ń rùn, títì gbọ́dọ̀ fẹ̀ sí i. Àwọn onílẹ̀ ta kò ó, àwọn ìyá ọlọ́jà ta kò ó, ilé sì ń wó. Sùúrùlérè ni wọ́n kọ́ ilé tuntun sí fún àwọn tí wọ́n kó kúrò, ní ìlà-ìlà. Fún ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó ayé ìgbà yẹn, wọ́n kúkú ní kó máa lọ sí oko.

Ìyá Àgbà kì í bú ilé náà. "Ó mọ́," bẹ́ẹ̀ ló máa ń sọ. "Omi ń yọ. Yàrá gba afẹ́fẹ́. Ṣùgbọ́n láàárọ̀ ọjọ́ kìíní, mo ṣílẹ̀kùn, mo ní 'Ẹ káàárọ̀ o', ògiri ló dá mi lóhùn." Ní Ìsàlẹ̀ Èkó, kó tó dé ìdí omi láàárọ̀, á ti kúnlẹ̀ fún bí ẹni mọ́kànlá. Á ti mọ ọmọ tí ibà mú, ẹni tí ọkọ rẹ̀ ò sùn nílé, àti ẹni tó jẹ ẹ́ lówó ẹ̀kọ. Ẹ̀kọ ló ń tà. Fún ọdún mélòó kan lẹ́yìn tí wọ́n kó dé Sùúrùlérè, ó ń gbé ẹ̀kọ wọ bọ́ọ̀sì, ó ń gba orí Carter Bridge padà sí Ìsàlẹ̀ Èkó, ó ń tà á níwájú ibi tí ilé wọn wà kí wọ́n tó wó o. Owó ọkọ̀ ń jẹ èrè. Bàbá mi ní tí wọ́n bá bi í pé kí ló dé tí kò tà á nílé, á ní, "Ta ló mọ̀ mí níbí tó máa mọ̀ pé ẹ̀kọ mi dáa?" Gbogbo wa nílé máa ń fi ṣẹ̀rín.

Lọ́sàn-án òní, tí òjò dá, mo mú fóònù mi lọ sílé Alhaja láti lọ kọ́ ọ. Ó ti lé ní ọdún márùndínlọ́gọ́rin. Mo bá a níbi tó ti ń ṣa ẹ̀wà nínú àtẹ.

"Alhaja, ẹ kú òjò o, mà."

"Òjò ìbùkún ni, Ìyá Dèjì. Dèjì ńkọ́? Ìyá ẹ ńkọ́, ṣé orúnkún yẹn ti fúyẹ́?"

A kíra wa fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí n tó ráyè yọ fóònù. Mo ṣí ilé tuntun náà, mo ń fi yàrá hàn án lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó ń fi ilé yá ayálégbé. Ó wọ awò ojú ẹ̀, ó ń wò.

"Níbo ni wọ́n ti ń kíni níbẹ̀?"

Mo tẹ yàrá ìkíni fún un. "Ibí ni, mà. Wọ́n yà á sọ́tọ̀ ni."

Ó mú òkúta kan nínú ẹ̀wà, ó sọ ọ́ nù. "Tí mo bá fẹ́ wá bá ẹ sọ̀rọ̀ owó nílé yín, mo á kọ́kọ́ lọ sí yàrá kan lọ kí ẹ, mo á wá jáde, mo á wá sí pálọ̀ wá béèrè owó. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?"

Mo rẹ́rìn-ín. Òun ò rín.

Ó wá sọ ohun tí mi ò mọ̀ rí fún mi. Ó ní tí òun bá ti kíni láàárọ̀, òun máa ń ka àwọn tó bá dáhùn ni. Bàbá Ẹ̀ńjiníà ní nọ́mbà kẹrìnlá ló máa ń kọ́kọ́ dáhùn láti ìgbà tí ìyàwó ẹ̀ ti kú, torí kì í sùn. Tí ó bá di aago méje tí kò dáhùn, òun á rán ọmọ-ọmọ òun lọ kan ilẹ̀kùn. "Ṣé o rántí ìgbà ọyẹ́, tí ẹ̀jẹ̀ ríru gbé e ṣubú? Ṣebí ìwọ náà wà lára àwọn tó gbé e lọ sí ọsibítù."

Mo wà níbẹ̀. Èmi ni mo di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú. Láti ọjọ́ yẹn títí di òní, mi ò béèrè rí ẹni tó kọ́kọ́ mọ̀.

Nígbà tí mo délé, mo ṣí yàrá ìkíni. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta ló wà níbẹ̀ láti ọjọ́ mẹ́rìndínlógún, Tọ́pẹ́ ló sì kọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó ń dán an wò bóyá ó ń ṣiṣẹ́. Bàbá Ẹ̀ńjiníà wà lára àwọn tó ti wọlé. Kò tíì sọ nǹkan kan ní yàrá kankan.

Mo kọjá sí nọ́mbà keje nírọ̀lẹ́. Tọ́pẹ́ ò kọ́kọ́ gbà. "Mọ́mì Dèjì, ìkíni yẹn ló ń bo ọ̀rọ̀ pàtàkì mọ́lẹ̀. Ẹ fẹ́ wá owó ọlọ́dẹ, ẹ máa kọ́kọ́ fò kọjá ogójì 'ẹ káàárọ̀'." Kò parọ́. Èmi náà ti fò ó rí, mo sì ti kùn. Ó wá sọ ìtàn Digg fún mi, ìkànnì kan ní Amẹ́ríkà tí àwọn èèyàn ti ń pín ìròyìn, bí wọ́n ṣe yí gbogbo ojú ibẹ̀ padà lẹ́ẹ̀kan náà ní oṣù kẹjọ ọdún 2010, tí àwọn ọmọ ibẹ̀ bínú, tí wọ́n fi ohun tí wọ́n gbé wá láti Reddit, ìkànnì míì bíi tirẹ̀, kún iwájú ilé náà, tí ọ̀pọ̀ wọn sì kó lọ sí Reddit náà. Ó ń sọ ọ́ bí ẹni ń pàlọ́, kò mọ̀ pé òun gan-an ni ìjàpá inú rẹ̀. Mi ò sọ fún un. Mo kàn wò ó títí tó fi dákẹ́.

Ibi tí a parí sí nìyí: yàrá owó á dúró, akápò nìkan ló máa kọ nǹkan síbẹ̀. Gbogbo yòókù, ká wó o di ojúde kan ṣoṣo, ìkíni àti iná àti ọjà títà pọ̀. Ti dátà Ìyá Ìbejì, a ò rí ojútùú. Èmi á máa da ìkéde kọ sí ilé àtijọ́ fún òun àti àwọn bíi tirẹ̀, iṣẹ́ méjì fún owó oṣù tí kò sí. Alága ní ká ti ibẹ̀ pa lóru òní. Mi ò tì í. (Tẹ́ ẹ bá ń ka èyí, Alága, ẹ kú alẹ́, sà.)

Aago mẹ́wàá kọjá díẹ̀ ni mo rí i pé Alhaja ti wọlé síbi tuntun náà. Ọmọ-ọmọ rẹ̀ ló gbé e sórí fóònù fún un. Kò tíì sọ nǹkan kan. Àwòrán rẹ̀ ni kọ́ọ̀bù tíì tó ń rú èéfín yẹn.

Wọ́n ti mú iná lọ. Mo gbé fóònù sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrọ̀rí, mo yí ohùn rẹ̀ sókè.