Ìpàkọ́ la fi ń ríran: ohun tí bàbá apẹja kan fi yé mi ní Ẹ̀pẹ́

Ẹ̀yin àbúrò mi tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ di dókítà ojú, ẹ jẹ́ n sọ ìtìjú mi kan fún yín kí irú ẹ̀ má bàa bá yín.

Ọdún kejì mi ní Ẹ̀pẹ́ ni. Bàbá apẹja kan wá láti Ẹ̀jìnrìn, ó ní ojú òsì òun ti ń kú lọ. Ọkọ̀ òun ń gbá òpó lápá òsì, tóun bá sì wọ ọjà Olúwo, àwọn ẹlẹ́ja á máa pariwo pé òun ti tẹ igbá àwọn mọ́lẹ̀. Mo tan iná wo ẹyinjú rẹ̀: ó mọ́ lóló. Mo ní kó ka lẹ́tà ara ògiri. Ó kà á dé ìsàlẹ̀, àmọ́ lórí ìlà kọ̀ọ̀kan ó ń fo lẹ́tà kan tàbí méjì tó ṣáájú. Mo kọ ọ́ sínú fáìlì pé Bàbá ò fi bẹ́ẹ̀ mọ̀wé. Mo fún un ní gíláàsì. Lẹ́yìn oṣù méjì ó padà wá, mo pààrọ̀ ẹ̀. Ó tún padà wá. Owó ẹja ló ń ná sórí gíláàsì tí ò ṣe é ní nǹkan kan.

Ìgbà kẹta yẹn ni ọ̀gá mi gba ibẹ̀ kọjá. Wọ́n fa àga, wọ́n jókòó dojú kọ Bàbá.

“Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fọwọ́ bo ojú òsì yẹn. Imú mi ni kẹ́ ẹ máa wò o.”

Wọ́n na ìka sápá òsì Bàbá, wọ́n ń mì ín.

“Ẹ̀ ń rí ìka mi, sà?”

“Ìka wo nìyẹn, ọmọ mi?”

Ojú ọ̀tún tó ṣí sílẹ̀, èyí tí gbogbo wa gbà pé kò sí ohun tó ṣe é, kò rí nǹkan kan lápá òsì. Ọ̀gá wò mí, wọn ò sọ̀rọ̀. Wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀, wọ́n sì kọ̀wé pé kí wọ́n lọ ya àwòrán ọpọlọ rẹ̀. Rọpárọsẹ̀ ni, irú èyí tí kò rọ apá, tí kò rọ ẹsẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ò dé ibì kan mọ́ ní ìpàkọ́ rẹ̀ lápá ọ̀tún.

Ohun tó dùn mí jù ni pé mo mọ gbogbo ẹ̀ nílé ìwé. Mo tiẹ̀ gba máàkì tó dáa nínú kọ́ọ̀sì náà. Inú ìwé ló jókòó sí; kò bá mi dé orí àga tí aláìsàn ń jókòó sí.

Àwọn àgbà ní ìpàkọ́ onípàkọ́ là ń rí, ẹni ẹlẹ́ni ní ń rí tẹni. Ìpàkọ́ tá ò lè rí yẹn gan-an la fi ń ríran. Iṣan tó ń gbé ìran láti ojú kọ̀ọ̀kan lọ sí ọpọlọ ní okùn tẹ́ẹ́rẹ́ tó tó mílíọ̀nù kan. Wọ́n pàdé bí ẹni wà ní oríta: àwọn tó ti apá imú wá á sọdá sí òdìkejì, àwọn tó ti apá etí wá ò ní sọdá. Wọ́n á yà ní ibùdó kan láàárín ọpọlọ, wọ́n á wá já sí ìpàkọ́. Nítorí náà, ohun tó bá wà lápá òsì rẹ, ojú yòówù kó rí i, ìpàkọ́ ọ̀tún ló ń lọ. Tí ibẹ̀ bá kú, ojú méjèèjì ló máa pàdánù apá òsì. Bàbá ò lè mọ̀yẹn. Èmi ló yẹ kí n mọ̀ ọ́n.

Mo bi í bóyá ó rí òkùnkùn lápá yẹn. Ó ní rárá, kò sí dúdú, kò sí funfun, kò kàn sí ni. Ẹ wo ohun tó wà lẹ́yìn orí yín báyìí: ṣé dúdú lẹ rí níbẹ̀? Bó ṣe rí nìyẹn. Ìdí rèé tí aláìsàn fi máa ń sọ pé ojú kan ló fọ́.

Ogun ló la ọ̀rọ̀ yìí yé àwọn dókítà dáadáa. Tatsuji Inouye, dókítà ojú ará Japan, ló ń yẹ ojú àwọn ọmọ ogun tó fara gbọta nínú ogun Japan àti Rọ́ṣíà, 1904 sí 1905, kí ìjọba lè mọ iye owó ìfẹ̀yìntì tó tọ́ sí wọn. Ó wo ibi tí ọta gbà wọ orí àti ibi tó gbà jáde, ó fi wé apá ibi tí ọmọ ogun náà ò rí mọ́. Báyìí ló ṣe ya bí ìpàkọ́ ṣe pín ìran. Ó kéde ẹ̀ ní 1909. Ó sì hàn pé àárín gbùngbùn ìran, ibi kékeré tá a fi ń kàwé, ló gba ilẹ̀ tó pọ̀ jù.

Kí wá ni àwọn sẹ́ẹ̀lì tó wà níbẹ̀ ń ṣe? Ní 1958, David Hubel àti Torsten Wiesel ní Johns Hopkins, Amẹ́ríkà, ki wáyà tín-ín-rín bọ ìpàkọ́ ológbò. Wọ́n ń fi àmì dúdú orí gíláàsì pẹlẹbẹ hàn án. Sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ń tẹ́tí sí ò dáhùn. Bí wọ́n ṣe ń ti gíláàsì náà sẹ́nu ẹ̀rọ lọ́jọ́ kan ni sẹ́ẹ̀lì yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í yìn bí ìbọn arọ̀jò-ọta. Kì í ṣe àmì dúdú ló ń dá lóhùn, etí gíláàsì ni: òjìji rẹ̀ fa ìlà kan tó dà síbì kan. Ẹ rò ó bí Olúwo: ẹni tó ń ta àrọ̀ ò ní gbójú sókè tẹ́ ẹ bá ń béèrè edé. Sẹ́ẹ̀lì kan ń wá ìlà tó dúró, èkejì ń wá ìlà tó dùbúlẹ̀, òmíràn ìlà tó ń lọ sápá kan. Nínú ariwo gbogbo wọn ni àwòrán ohun tá à ń wò ti ń jáde. Hubel àti Wiesel gba ẹ̀bùn Nobel ní 1981.

Wọ́n tún rán ojú ọmọ ológbò kan pa. Nígbà tí wọ́n ṣí i lẹ́yìn oṣù mélòó kan, ojú náà pé, àmọ́ sẹ́ẹ̀lì ìpàkọ́ ti gbàgbé rẹ̀, wọ́n ti fún ojú kejì ní àyè. Nítorí náà, bí ìyá ọmọ bá gbé ọmọ tí funfun bo ẹyinjú rẹ̀ wá, ẹ má ṣe sọ fún un pé kó dúró dìgbà tí ọmọ bá dàgbà. Ọjọ́ yẹn gan-an ni kẹ́ ẹ fi í ránṣẹ́ síbi tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ abẹ.

Èmi ò tíì fún ẹnikẹ́ni ní gíláàsì mọ́ láì kọ́kọ́ na ìka sọ́tùn-ún sósì rẹ̀, ojú kan lẹ́yìn èkejì. Kò gbà ju ìṣẹ́jú méjì lọ, kò sì ná wa ní kọ́bọ̀.

Bàbá ṣì ń wá, nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru. Ó ti kọ́ bó ṣe ń yí orí sósì kó tó gbẹ́sẹ̀, ọmọ rẹ̀ ló sì ń jókòó sápá òsì nínú ọkọ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo kí i láti ẹnu ọ̀nà, ó dáhùn, kò wò mí. Ó ní, “Dókítà, ẹ bọ́ sí ọ̀tún kí n rí yín.”