Ìpápánu inú ìkòkò oníyanrìn

Sátidé. Òjò ti ń rọ̀ láti ìdájí, kò sí iná, kò sì sẹ́ni tó ń jáde ní Kàbbà yìí àfi ẹni tí ọ̀ràn bá lé. Mo bá ní kí n dán ìpápánu tí àbúrò mi tó wà ní Amẹ́ríkà ti ń sọ fún mi láti ìgbà Kérésì wò.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é lọ́hùn-ún kò le. Wọ́n á po cornflakes tàbí irú rẹ̀ mọ́ ẹ̀pà, wọ́n á da bọ́tà yíyọ́ tó ní iyọ̀ àti aáyù gbígbẹ lé e lórí, ó di inú oven. “Ẹ̀gbọ́n mi, 120°C ni kí ooru rẹ̀ wà, wákàtí kan gbáko. Ẹ máa yí i ní ìṣẹ́jú 15, 15. Ẹ má kánjú o.” Ó mọ̀ mí.

Èmi ò ní oven. Mo da iyanrìn sínú ìkòkò ńlá, mo gbé e ka èédú, bí a ṣe ń yan kéèkì nílé wa. Cornflakes kọ́ọ̀pù mẹ́rin, ẹ̀pà méjì, ìpékeré tí mo rún díẹ̀, ata súyà. Àti kaju kọ́ọ̀pù kan.

Oko kaju yí wa ká níbí, síbẹ̀ inú ìgò ni mo ti rà á, èyí tí wọ́n ti bó. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, ẹ̀yìnkùlé ni ìyá wa ti ń yan án, nínú páànù tí wọ́n fi ìṣó dá lu káàkiri. Òróró èèpo rẹ̀ á máa kán sínú iná, iná á sọ fùù, èéfín dúdú á lé gbogbo wa sẹ́yìn. Wọ́n á dà á sílẹ̀, wọ́n á bu yẹ̀pẹ̀ lé e kí iná lè kú, òkúta la sì fi ń fọ́ ọ. Ẹni tó bá fi eyín pa èyí tí kò tíì jinná, ètè rẹ̀ á bó. Tèmi bó lẹ́ẹ̀mejì.

Ó yẹ kí ẹni tí ètè rẹ̀ ti bó nítorí ìkánjú ti gbọ́n. Ogún ìṣẹ́jú kọjá, mo ṣí ìkòkò, kò tíì pọ́n. Mo fẹ́ iná sí i. Kí n tó ṣẹ́jú, aáyù àti ata tó rọ̀ sísàlẹ̀ ti di dúdú, ó korò bí ewúro. Ìgbà tí mo po ìkejì ni mo tó yọ èédú kúrò, tí mo jẹ́ kí omi inú bọ́tà rọra gbẹ.

Ó pọ́n, ó dún kẹ́kẹ́ lẹ́nu. Mo dà á sínú ike, mo dé e pa. Nígbà tó fi máa di ọ̀sán, ó ti rọ̀ jọ̀bọ̀. Ìyá tó wà ní ilé kejì sá òjò wọlé, wọ́n kí mi ní “Ọ̀kún o,” bí a ṣe ń kí ara wa níbí, wọ́n tọ́ ọ wò, wọ́n wò mí.

“Ṣé gàrí gbígbóná lo máa ń dì sápò ni?”

Ẹ̀rín pa mí. Mo dá a padà sórí iyanrìn fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, mo tẹ́ ẹ sórí tíréè títí ó fi tutù pátápátá. Ó tún gan.

Nígbà tí mo padà dé ìdí tíréè nírọ̀lẹ́, ọmọ mi ti ṣa gbogbo kaju inú rẹ̀ jẹ. Cornflakes ló ṣẹ́ kù fún mi.