Ta ló máa bá mi rù ú?

Sunday, aago mọ́kànlá alẹ́ ti kọjá

Èjìká mi ń ro mí, orúnkún òsì ti wú, ó yẹ kí n ti sùn tipẹ́ àmọ́ oorun ò wá, mo wá ní kí n kúkú kọ ọ́ sílẹ̀ kí iṣẹ́ Monday tó bẹ̀rẹ̀ tí màá fi gbàgbé bó ṣe rí gan-an. A ti dé láti orí òkè. Ẹran wà nínú kúlà mẹ́rin ní gáréèjì, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ da omi yìnyín tó ti yọ́ nù tán ni, mo sì ti kó òmíràn sí i. Elk kan, odindi. A ò fi nǹkan kan sílẹ̀ nínú igbó àfi egungun, awọ àti ìfun.

Kì í ṣe bí mo ṣe yìnbọn ni mo fẹ́ sọ. Ìyẹn ò gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ. Bí ẹran yẹn ṣe délé ni ọ̀rọ̀, torí láti oṣù August ni mo ti ń sá sókè sá sódò lórí ìyẹn, kí n tó ra ọta ìbọn kan ṣoṣo.

Ẹni tí ò bá tíì rí elk rí, kó fojú inú wo ìgalà, kó wá jẹ́ kí ìgalà yẹn ga tó ẹṣin. Akọ tó ti gbó dáadáa máa ń tó 700 pọ́n-ùn. Colorado níbí ni wọ́n pọ̀ sí jù lọ láyé, wọ́n lé ní 280,000, àmọ́ àwọn tó gbọ́n nínú wọn kì í dúró síbi tí mọ́tò lè dé.

Ọdẹ ni bàbá mi, ní Ṣakí. Tí wọ́n bá pa ẹtu, èjìká ni wọ́n máa gbé e kọ́ bọ̀ wálé. Tó bá wá jẹ́ ẹran ńlá, wọ́n á gé ewé bò ó, wọ́n á sàmì sí ọ̀nà, wọ́n á wá sílé wá pe èèyàn. Mo ṣì rántí bí àwọn ọkùnrin àdúgbò ṣe máa ń jáde lóru pẹ̀lú àdá àti àpò, kò sẹ́ni tó ń bèèrè iye tí wọ́n máa san, o mọ̀ pé ìpín ẹ wà níbẹ̀ tó o bá ti gbé ẹrù. Ìyẹn ni mo gbé wá sí Amẹ́ríkà lọ́kàn láìmọ̀. Lọ́dún àkọ́kọ́ tí èmi àti ẹ̀gbọ́n kan tá a jọ wà ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ dẹ elk, a rìn wọ inú igbó máìlì márùn-ún láìronú pé tá a bá pa á ńkọ́. A ò rí nǹkan kan pa, mo sì ń bínú nígbà yẹn. Nígbà tí mo wá jókòó ṣírò ẹ̀ lẹ́yìn náà ni ẹ̀rù bà mí.

Ẹ jẹ́ ká jọ ṣírò ẹ̀. Itan ẹ̀yìn kan pẹ̀lú egungun ẹ̀, láti 60 dé 80 pọ́n-ùn. Apá iwájú, 40 dé 60. Tẹ́ ẹ bá yọ gbogbo egungun kúrò, ẹran tó máa kù, pẹ̀lú ọrùn àti ẹran ọ̀pá ẹ̀yìn, á ṣì tó 200 pọ́n-ùn tàbí kó lé. Èmi lè ru 65, ẹ̀gbọ́n ti lé ní 50 ọdún, 50 pọ́n-ùn ni tiwọn. Ìrìn méjì nìyẹn fún ẹran, ìkẹta fún àgọ́ àti ẹrù wa. Máìlì márùn-ún sí ibi tí mọ́tò wà. Márùn-ún lọ, márùn-ún bọ̀, títí ẹrù á fi tán, ó di máìlì 25 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, 15 nínú ẹ̀ pẹ̀lú ẹrù lẹ́yìn, ní orí òkè tó ga tó 10,000 ẹsẹ̀ bàtà níbi tí èémí ò ti tó èèyàn. Oòrùn sì ń ràn ní gbogbo àsìkò yẹn, ẹran ò ní dúró dè yín. Ooru inú itan yẹn, tí ẹ ò bá tètè bó awọ kúrò, ẹ̀bá egungun ló ti máa kọ́kọ́ kan, ẹ ò ní mọ̀ títí ẹ máa fi délé tẹ́ ẹ máa gbé ọ̀bẹ sí i.

Kí ló dé tá ò lè wa nǹkan wọbẹ̀? Flat Tops la lọ, lápá àríwá ìwọ̀ oòrùn Colorado, igbó ọba ni, ó sì wà lára àwọn tí òfin Wilderness Act ti 1964 ní kí ẹ̀rọ má wọ̀ rárá, 1975 ni wọ́n fi í sábẹ́ òfin yẹn. Àmọ́ ìtàn ibẹ̀ ti pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní 1919 ìjọba rán ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Arthur Carhart lọ sí adágún tí wọ́n ń pè ní Trappers Lake, pé kó lọ wọn ilẹ̀ tí wọ́n máa fi kọ́ ilé ìsinmi, kó sì ṣètò ọ̀nà mọ́tò yí omi náà ká. Ó débẹ̀, ó wo omi, ó wo òkè, ó padà lọ sọ fún àwọn ọ̀gá ẹ̀ pé kí wọ́n má kọ́ nǹkan kan síbẹ̀. Wọ́n sì gbọ́ sí i lẹ́nu. Mo ti dúró létí omi yẹn láàárọ̀ kùtù, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ ọkùnrin yẹn látọkànwá. Àmọ́ irú èrò yẹn náà ló jẹ́ kó di pé kò sí mọ́tò, kò sí ọ̀kadà, kò sí kẹ̀kẹ́ nínú igbó yẹn, kódà ọmọlánkẹ́ tí àwọn ọdẹ fi ń ti ẹran níbòmíì, èèwọ̀ ni. Ẹsẹ̀ èèyàn tàbí ẹsẹ̀ ẹranko, ó parí.

Ni mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í wá oníìbaaka.

Ẹni àkọ́kọ́ tí mo rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, owó tó pè ò pọ̀ rárá, ó ní òun ní ẹṣin mẹ́ta, ó ní kí n ṣá ti pe òun tí mo bá ti pa ẹran. Inú mi dùn. Àmọ́ ẹ̀gbọ́n ní kí n bi í léèrè ìwé ẹ̀, torí níbí, ẹni tó bá máa gbowó lọ́wọ́ ọdẹ láti bá a kó ẹran gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba ìpínlẹ̀, tó bá sì jẹ́ igbó ọba ti ìjọba àpapọ̀, ó tún gbọ́dọ̀ gba pámíìtì Forest Service, àjọ tó ń bójú tó igbó náà. Mo bi í. Ó ní ṣebí ọ̀rẹ́ ni òun fẹ́ fi ṣe. Ọ̀rẹ́ tó ń gbowó! Mo fi í sílẹ̀. Ó dùn mí torí owó yẹn, àmọ́ ẹni tí ò bá lè fi ìwé hàn mí nígbà tí nǹkan rọ̀, ta ni mo fẹ́ mú tí ìbaaka bá yọ̀ ṣubú lórí àpáta pẹ̀lú ẹran mi?

Ẹni kẹta tí mo pè ni bàbá tá a padà lò. 800 dọ́là fún ìbaaka méjì. Ìbéèrè tí bàbá yẹn bi mí lórí fóònù pọ̀ ju èyí tí mo bi wọ́n lọ. Ibo lẹ máa pàgọ́ sí? Ṣé igi wó dí ọ̀nà? Ṣé ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń kun ẹran? Ìbaaka kan á ru nǹkan bí 150 pọ́n-ùn, wọ́n ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì gbọ́dọ̀ dọ́gba, tí ọ̀kan bá fi pọ́n-ùn mélòó kan wúwo ju èkejì lọ, gàárì á máa yí, á bó ẹranko náà lẹ́yìn. Wọ́n wá ní kí n ṣí máàpù, kí n fi ìlà yí ibi tí wọ́n máa dárúkọ fún mi. Wọ́n dárúkọ àfonífojì kan lápá gúúsù àgọ́ wa, wọ́n ní, “Tẹ́ ẹ bá pa á síbẹ̀ yẹn, ẹ má pè mí. Ìbaaka mi ò ní sọ̀kalẹ̀ débẹ̀.” Mo fi bírò pupa yí i.

Mo tún bẹ bọ̀ọ̀dá méjì ní ìlú Aurora pé tí ìbaaka ò bá ráyè, kí wọ́n wá bá wa rù ú. Àwọn méjèèjì ní kò sí wàhálà.

Ọjọ́ àkọ́kọ́ báyìí, ilẹ̀ ò tíì mọ́ tán, akọ elk kan ké. Ẹ̀gbọ́n fọwọ́ tọ́ mi. A wò, ó ń jẹko ní ìsàlẹ̀ àfonífojì yẹn gan-an, inú ìlà pupa. Ìwo ẹ̀ dára débi pé ọwọ́ mi ń gbọ̀n. Mo gbé ìbọn, mo rí i kedere, mo wá ń wo gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó wà láàárín wa, àpáta àti igi tó wó lé ara wọn, mo ń ro ó pé 200 pọ́n-ùn máa gun ibí yìí padà sókè lórí ẹ̀yìn ta ni. Mo gbé ìbọn sọ̀kalẹ̀. Ẹ̀gbọ́n wò mí bíi pé mo ti ya wèrè. Wọ́n ní, “Àbúrò, kí lò ń dúró dè?” Mo ní ẹ má bínú, ìbaaka ò lè débẹ̀. Wọn ò bá mi sọ̀rọ̀ títí di ọ̀sán. Mi ò dá wọn lẹ́bi, ọdún méjì la ti ń wá irú ẹ̀. Àmọ́ òfin ibí ò gbà kéèyàn pa ẹran kó sì jẹ́ kó ṣòfò, kódà ká ní kò sí òfin, ẹran tó bá rà sínú igbó torí pé mo fẹ́ yìnbọn, báwo ni mo ṣe fẹ́ ròyìn ìyẹn fún bàbá mi?

Ọjọ́ kẹta la rí èyí tá a pa. Ní ẹ̀bá ọ̀nà ẹṣin lókè, kò tó ìdajì máìlì sí i. Mo ka ẹ̀ka ìwo ẹ̀, ó lé ní mẹ́rin tí òfin ní kó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo yìn ín, ó rìn díẹ̀, ó ṣubú. Mo dúró jẹ́ẹ́ níwájú ẹ̀. Lẹ́yìn náà a bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, a so ìwé láísẹ́ǹsì mọ́ ọn, a bó o lápá kan, a yọ itan, a yọ apá, a yí i, a tún ṣe èkejì, a ò la ikùn ẹ̀ rárá títí a fi fọwọ́ yọ ẹran abẹ́ ọ̀pá ẹ̀yìn láti ẹ̀gbẹ́ ìhà. A fi ohun tó fi hàn pé akọ ni sílẹ̀ lára itan kan bí òfin ṣe ní. Gbogbo ẹ̀ wọ inú àpò aláṣọ fẹ́lẹ́ tí atẹ́gùn ń gbà kọjá, a so ó kọ́ abẹ́ igi tó ní òjìji dáadáa, jìnnà sí ìfun torí béárì.

Mo gbé ẹ̀rọ sátẹ́láìtì jáde, mo fi ibi tá a wà ránṣẹ́ sí bàbá oníìbaaka. Èsì ẹ̀ dé lẹ́yìn ogójì ìṣẹ́jú. Ìbaaka wà lọ́dọ̀ oníbàárà míì, ọ̀túnla ni wọ́n máa tó lè dé.

Ọ̀túnla. Ọ̀sán yẹn sì ń mú.

Mo fi mẹ́sẹ́èjì ránṣẹ́ sáwọn bọ̀ọ̀dá Aurora. Ọ̀kan wà lẹ́nu iṣẹ́ alẹ́, fóònù ẹ̀ kú. Èkejì ní ọmọ òun ń ṣàìsàn. Mi ò bínú sí wọn, ẹ gbà mí gbọ́, àmọ́ mo jókòó sórí igi tó wó yẹn, ó ṣe mí bíi kí n sunkún. Tó bá jẹ́ Ṣakí ni, màá kàn figbe ta.

Ẹ̀gbọ́n ló dìde. Wọ́n ní ọwọ́ kan ò gbégbá dórí, àmọ́ ọwọ́ méjì mà nìyí. A yọ egungun kúrò nínú itan méjèèjì ní ìrọ̀lẹ́ yẹn kí ooru lè tètè jáde, a sì fi ìyẹn tó ní àmì akọ sílẹ̀ lára ẹran. Alẹ́ yẹn omi inú ike wa dì. Láàárọ̀ ẹran ti tutù rekete, ó ti gbẹ lójú, mo fọwọ́ kàn án, ọkàn mi balẹ̀. A wá ń gbé e kiri pẹ̀lú òjìji ní ọjọ́ kejì, bí oòrùn bá yí, a yí i. Kó má bàa di pé a jókòó lásán, mo ru 60 pọ́n-ùn lọ sí mọ́tò, mo sì padà wá. Ìyẹn ló ṣe orúnkún mi báyìí.

Bàbá oníìbaaka dé ní aago mẹ́wàá òwúrọ̀ ọ̀túnla gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe sọ. Wọ́n kọ́kọ́ tọrọ àforíjì. Wọ́n fi òṣùwọ̀n kékeré wọn àpò kọ̀ọ̀kan, wọ́n yọ díẹ̀ níbí, wọ́n fi kún ọ̀hún, wọ́n bo gbogbo ẹ̀ ní tapólì, wọ́n fi okùn dè é ní ọ̀nà kan tí mo wò títí tí mi ò rí ìdí ẹ̀. Wákàtí mẹ́ta péré, a ti dé ìdí mọ́tò. Èmi ru orí elk náà, torí a fẹ́ gbé e lọ fún àyẹ̀wò CWD, àrùn ọpọlọ tó ń pa ìgalà àti elk níbí. Kò tíì sí èèyàn tí wọ́n mọ̀ pé ó kó o, àmọ́ wọ́n ní kéèyàn má jẹ ẹran tí wọ́n bá rí i lára ẹ̀.

Mo pe bàbá mi lálẹ́ òní, aago márùn-ún ìdájí ni lọ́dọ̀ wọn, wọ́n ti jí. Mo ní bàbá, mo pa ẹran, ó tó ẹṣin. Wọn ò bi mí bí ìwo ẹ̀ ṣe gùn tó. Wọ́n ní, “Ta ló bá ẹ rù ú?” Mo ròyìn gbogbo ẹ̀, ìbaaka, 800 dọ́là, ọ̀túnla. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. Wọ́n ní, “O san owó fún wọn, ó dáa. Ẹran ńkọ́? Kí lo fún wọn nínú ẹran?” Mo ní mi ò tíì fún wọn ní nǹkan kan. Wọ́n ní ọdẹ tó bá ro ìṣẹ́ ro ìyà, bó bá pa ẹran kò ní fẹ́nì kan jẹ, kí n má ro ó.

Èèwọ̀ ni kéèyàn ta ẹran ìgbẹ́ níbí, àmọ́ kò sẹ́ni tó ní kéèyàn má fúnni. Mo ti jáde lọ sí gáréèjì lẹ́yìn ìpè yẹn, mo ti pín in sínú náílọ́ọ̀nù, mo fi máàkà kọ ọ́ sára ẹ̀. Itan kan fún ẹ̀gbọ́n. Ẹran ẹ̀yìn kan odindi fún bàbá oníìbaaka. Bọ̀ọ̀dá tó wà lẹ́nu iṣẹ́ alẹ́, ó pe mí lọ́sàn-án òní, ohùn ẹ̀ ò dùn, mo kọ tiẹ̀ náà, ti èkejì tí ọmọ ẹ̀ ń ṣàìsàn náà wà níbẹ̀. Láàárọ̀ ọ̀la màá kó wọn sí fíríìsà, wọ́n á sì wà níbẹ̀ títí èsì àyẹ̀wò yẹn máa fi dé.