Kí Gìtá Má Baà Sú Àgbà Tó Ṣẹ̀ṣẹ̀ Ń Kọ́ Ọ

Ẹ wọ yàrá ẹni ogójì ọdún tó ra gìtá lóṣù mẹ́fà sẹ́yìn, ẹ óò bá gìtá ọ̀hún lẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù: eruku ti bò ó, okùn kan ti já, wọ́n ti fi fìlà kọ́ sí i lórí. Bí ẹ bá béèrè, yóò ní ìka òun ti le, pé láti kékeré ni wọ́n ti ń kọ́ irú ẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, kò rí bẹ́ẹ̀. Gìtá yẹn gan-an ló le. Ẹni tó ń fi gbogbo agbára tẹ okùn tó ga jù, tí ohùn rẹ̀ kò tún bára mu, báwo ni ìtara rẹ̀ kò ṣe ní tutù? Ká tó bá ọkàn wí, ẹ jẹ́ ká yẹ igi wò ná.

Ẹ mú káàdì ATM mẹ́ta, èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ kò yọ síta, ẹ tò wọ́n léra. Káàdì kan nípọn tó mìlímítà 0.76, ìyẹn ni pé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lé díẹ̀ ní mìlímítà 2. Fret ni àwọn irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó dábùú ọrùn gìtá, orí gìtá la ti ń kà wọ́n. Ẹ lọ sí fret 12, níbi tí wọ́n sábà máa ń fi àmì róbótó méjì sí, ẹ ti káàdì náà bọ àárín irin fret àti okùn tó nípọn jù. Bí mẹ́ta bá wọlé, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ kan okùn, gìtá yín dára fún akẹ́kọ̀ọ́. Bí márùn-ún bá wọlé, kò sí ìka tí kò ní dùn, ì báà jẹ́ ìka ọmọ ọdún mẹ́wàá.

Saddle ni ẹ óò kọ́kọ́ wò, pẹlẹbẹ funfun kékeré tí okùn gùn lórí bridge, ìyẹn igi tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ikùn gìtá tí okùn so mọ́. Gìtá olówó pọ́ọ́kú sábà máa ń ti ilé iṣẹ́ wá pẹ̀lú saddle tó ga ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹ tú okùn, ẹ fà á yọ, ẹ fi pẹ́ńsù fa ìlà sí i lára, kí ẹ wá máa ha ìsàlẹ̀ rẹ̀ lórí sáńpépà tí ẹ tẹ́ sórí tábìlì tó tẹ́jú. Orí rẹ̀ lókè, ẹ má fọwọ́ kàn án. Bí ẹ bá fẹ́ kí okùn wálẹ̀ ní mìlímítà 1 ní fret 12, mìlímítà 2 lẹ óò ha kúrò, torí àárín gbùngbùn okùn ni fret 12 wà. Ẹ máa ha á díẹ̀díẹ̀. Èyí tó bá ti lọ kò ṣeé lẹ̀ padà. Bó bá jẹ́ pé ọrùn gìtá ló tẹ̀, tàbí ikùn rẹ̀ ló wú, ẹ gbé e fún ẹni tó ń tún un ṣe. Gìtá tí wọ́n bá fi sínú mọ́tò nínú oòrùn sì wà nínú ewu: ooru yẹn lè tú gọ́ọ̀mù tó mú bridge.

Okùn náà ní tirẹ̀. Bó bá jẹ́ okùn irin, ẹ ra èyí tí nọ́ńbà ìnípọn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti 10 tàbí 11. Ó rọ̀ ju 12 lọ. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ gìtá olókùn ọ̀rá ni ẹ ní, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi okùn irin sí i láéláé. Agbára tí irin fi ń fà yóò ya bridge kúrò lára rẹ̀.

Túùnù, ìyẹn mímú ohùn okùn bára mu, wá ńkọ́? Láti orí èyí tó nípọn jù dé èyí tó tín-ín-rín jù: E, A, D, G, B, E. Àpù ọ̀fẹ́ pọ̀ lórí fóònù fún un. Okùn tuntun máa ń nà, kò ní dúró sójú kan fún ọjọ́ bíi mélòó kan, nítorí náà gìtá kọ́ ló bàjẹ́. Bí ohùn bá ti kọjá ibi tó yẹ, ẹ tú u wálẹ̀ kọjá ibẹ̀, kí ẹ tó máa gbé e gòkè bọ̀. Ẹni tí kò bá túùn gìtá lójoojúmọ́ yóò tẹ kọ́ọ̀dù (ohùn bíi mélòó kan tí a lù pọ̀) tó péye, etí rẹ̀ yóò ní kò péye, yóò sì máa dá ara rẹ̀ lẹ́bi lórí ohun tí kò ṣe.

Ìka yóò dùn, àwa kò ní purọ́ fún yín. Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin ni awọ orí ìka fi máa ń le. Ẹ má fọwọ́ kan gìtá ní kété tí ẹ bá fọ abọ́ tàbí wẹ̀ tán: awọ tó ti rin sómi rọ̀, okùn yóò sì wọ̀ ọ́ lára. Ìrora orí ìka kò léwu, àmọ́ bó bá jẹ́ ọrùn ọwọ́ ló ń dùn yín tàbí ọwọ́ ló ń kú, ẹ gbé gìtá sílẹ̀ lọ́jọ́ yẹn.

Ìṣẹ́jú 15 lójúmọ́ sàn ju wákàtí méjì lọ́jọ́ Sátidé lọ. Lójú tèmi, wákàtí méjì ọjọ́ Sátidé yẹn ló ń pa àgbà jù: ìka á bó, ọjọ́ Sátidé tó tẹ̀lé e á ti di ọjọ́ òde, ó parí. Ẹ gbé gìtá sí ibi tí ojú yín ti ń rí i, kì í ṣe inú àpò lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ẹ fi ìṣẹ́jú 2 túùn, 8 fún yíyí kọ́ọ̀dù padà, 5 fún orin tí ẹ mọ̀.

Kọ́ọ̀dù wo? Ẹni tó bá ti kọrin nínú kúáyà ti mọ tonic sol-fa, ó sì ti fi ìyẹn ta ọmọdé yọ. Ọ̀pọ̀ ègbè orin ṣọ́ọ̀ṣì dúró lórí do, fa àti so. Bí do bá jẹ́ D, fa ni G, so ni A. Kọ́ọ̀dù mẹ́ta péré.

Ẹ wo bí D ṣe ń lọ sí G. Okùn kìíní ni èyí tó tín-ín-rín jù. Fún D, ìka ìfábẹ̀là wà lórí okùn kẹta ní fret 2, ìka àárín lórí okùn kìíní ní fret 2, ìka òrùka lórí okùn kejì ní fret 3. Fún G, ẹ fi ìka òrùka yẹn sílẹ̀ níbi tó wà! Ìka àárín ló ń fò lọ sórí okùn kẹfà ní fret 3, ìfábẹ̀là á lọ sórí okùn karùn-ún ní fret 2, ọmọńdinrín á bọ́ sórí okùn kìíní ní fret 3. Ìka kan ṣoṣo tí kò kúrò ní ipò ni òpó tí àwọn yòókù ń yí ká. Ẹni tó bá ń gbé gbogbo ọwọ́ kúrò lórí okùn ń bẹ̀rẹ̀ látòdo ní gbogbo ìgbà.

Bí okùn kìíní bá ń dún gbì-gbì nínú D, ìka òrùka ló sùn lé e lórí. Ẹ gé èékánná, ẹ gbé àtàńpàkò lọ sẹ́yìn ọrùn gìtá, kí oríkèé ìka lè tẹ̀ bí ọrun. Bí okùn bá ń ta zzz, ìka ti jìnnà sí irin fret. Ẹ sún un mọ́ ọn, ṣùgbọ́n kó má gùn ún lórí.

Ẹ wá fi fóònù ka ìṣẹ́jú kan: D sí G jẹ́ ọ̀kan, G sí D jẹ́ èjì. Bí ẹ bá rí 8 lọ́jọ́ kìíní, ó dára. Bó bá tó 30, orin tó rọra ń lọ yóò ṣeé gbé. Ẹ kọ nọ́ńbà náà sínú ìwé pẹ̀lú déètì. Etí kì í tètè gbọ́ ìyàtọ̀ láàárín àná àti òní, ṣùgbọ́n 8 tó di 19 láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, kò sí ẹni tó lè jiyàn rẹ̀.

Ní bí oṣù kejì ni F, kọ́ọ̀dù tó máa ń le fún akẹ́kọ̀ọ́, máa ń yọjú. Kíì C, ìyẹn kí do jẹ́ C, ló ń mú un wá, torí F ni fa rẹ̀, àwọn onípiano sì ti sọ fún gbogbo ayé pé C ló rọrùn jù. Fún wọn ni o! Ẹ dúró sí D, G àti A. Bí onípiano bá ní kíì F lòun fẹ́ lò, ẹ fi capo, ìyẹn ìdè tó ń tẹ gbogbo okùn mọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, sí fret 3, kí ẹ máa tẹ kọ́ọ̀dù D yín lọ. Bó bá ní E♭, capo wálẹ̀ sí fret 1.

Ẹ má sì dúró títí ẹ óò fi mọ̀ ọ́n kí ẹ tó bá ènìyàn lù. Nínú jùjú, tí Àyìndé Bákàrè ti fi gìtá oníná sí láti 1949, gìtá tí wọ́n ń pè ní tenor lè máa tún gbólóhùn kúkurú kan náà lù títí, kí àwọn yòókù máa ṣeré lórí rẹ̀. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí ẹ bá jókòó ti onípiano, ẹ lu D àti A nìkan. Bó bá bọ́ sí G tí ọwọ́ yín kò yá, ẹ tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ lé okùn kó dákẹ́, ẹ máa fi ẹsẹ̀ ka lílù lọ, kí ẹ tún wọlé nígbà tó bá padà sí D.