Ohùn Bàbá Nínú Àpò Mi

Ẹ jẹ́ kí n fúnra mi sọ ọ́, torí bí àwọn ẹ̀gbọ́n mi bá bá mi sọ ọ́, iyọ̀ á pọ̀ jù. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń pè mí ní Àjíǹde.

Ó pé ọdún kan tí Bàbá wa kú, a sì kóra jọ láti rántí wọn. Èmi ni wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ nípa wọn. Ọ̀sẹ̀ 2 ni mo fi kọ ọ̀rọ̀ náà. Mo kọ, mo pa rẹ́, mo tún kọ, títí ó fi dà bí ẹni pé áńgẹ́lì ló bí wa. Mo tiẹ̀ kọ ọ́ síbẹ̀ pé Bàbá ò pariwo mọ́ ẹnikẹ́ni rí. (Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ wọ́n, ẹ forí jì mí.)

Ṣùgbọ́n ti fóònù wọn ló yẹ kí n kọ́kọ́ sọ. Bàbá ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Wàhálà àìsàn yẹn ni pé kì í sábà dunni: ara á le koko, ẹ̀jẹ̀ á máa ru lábẹ́lẹ̀. Bàbá sì rèé, ohun tó bá dùn wọ́n nìkan ni wọ́n gbà pé ó ń ṣe wọ́n. Wọn ò rí ìdí tí àwọn á fi máa gbé oògùn mì lójoojúmọ́. Wọ́n tún wá fẹ́ràn láti máa ka ìwé pélébé inú páálí oògùn láti òkè dé ìsàlẹ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n kà á pé oògùn kan lè mú kéèyàn máa húkọ́ gbígbẹ, ikọ́ ti bẹ̀rẹ̀ kí wọ́n tó já ìdí oògùn.

A fi àlááàmù sórí fóònù wọn, kò ràn án. Bó bá dún, wọ́n á ní fóònù ẹlòmíràn ni. Ọmọ mi obìnrin, tó jẹ́ ọmọ ọdún 8 nígbà náà, ló wá dá ọgbọ́n: "Bàbá àgbà, ẹ jẹ́ ká fi ohùn yín ṣe é. Torí ẹ kì í gbọ́ràn sí ẹlòmíì lẹ́nu." Àwọn méjèèjì wọ yàrá, wọ́n ti ilẹ̀kùn. Láti ọjọ́ náà, bó bá ti di aago 4 ìrọ̀lẹ́, gbogbo ilé á gbọ́ ọ:

"Ìwọ bàbá yìí! Dìde! Oògùn ẹ dà? Ṣé títí ayé ni n ó máa pariwo lé ọ lórí ni?"

Bàbá á dáhùn láti orí àga: "Mo ti gbọ́! Kí ló dé?" Wọ́n á tẹ̀ ẹ́ pa kó tó sọ̀rọ̀ débì kan, wọ́n á dìde tìbínútìbínú lọ sídìí oògùn. Ọkùnrin tí ẹnikẹ́ni ò borí nínú àríyànjiyàn rí, ara rẹ̀ ló wá borí rẹ̀.

Lẹ́yìn tí wọ́n lọ tán, fóònù náà kú sínú àpótí mi fún ọdún kan gbáko. Ní àárọ̀ ọjọ́ ìrántí, mo ṣáàjì rẹ̀ torí mo fẹ́ fi àwọn fọ́tò inú rẹ̀ han ẹbí, mo sì jù ú sápò. Ọ̀rọ̀ àlááàmù ò sí lọ́kàn mi páàpáà.

Ètò wa fi díẹ̀ pẹ́. Ó ku díẹ̀ kí aago 4 lù ni wọ́n ní ká dìde, ká dákẹ́ fún ìṣẹ́jú kan. Gbogbo wa tẹrí ba. Ibẹ̀ pa lọ́lọ́. Àfi gbàà, láti ìbàdí mi:

"Ìwọ bàbá yìí! Dìde!"

Àǹtí wa kan tí wọ́n ń fi ọ̀pá rìn ti dé ẹnu ọ̀nà kí ọ̀pá wọn tó balẹ̀. Àbúrò Bàbá kan dọ̀bálẹ̀ gbalaja: "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú, màá san owó yẹn!" Kò sí ẹni tó mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé owó kankan wà. (Wọ́n ti san ìdajì.)

Mo ki ọwọ́ bàpò, mo tẹ bọ́tìnnì tí ọwọ́ mi kọ́kọ́ bà, ó dákẹ́. Mo ṣàlàyé, mo tọrọ àforíjì, àwọn tó sá jáde padà wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan. N kò mọ̀ pé bọ́tìnnì yẹn kì í pa àlááàmù. Ìṣẹ́jú 10 péré ló ń tọrọ lọ́wọ́ rẹ̀.

Nígbà tí ìṣẹ́jú 10 pé, mo ti wà níwájú, mo ti dé ibi tó wù mí jù nínú ìwé mi. Mo gbé ohùn sílẹ̀ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀: "Bàbá wa ò pariwo mọ́ ẹnikẹ́ni rí láyé wọn..."

"Ìwọ bàbá yìí!"

Àwọn kan jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń rẹ́rìn-ín. Mo ń wá bí n ó ṣe pa á, Màmá na ọwọ́ sí mi: "Fi í sílẹ̀. Jẹ́ kí wọ́n sọ tán."

Kò sẹ́ni tó gbọ́ ọ dópin rí nínú wa. Bàbá pariwo tán, ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ni ohùn wọn bá rọ̀: "Ṣé ó ti wọlé? Ṣé mo ṣe é dáadáa?"

Ohùn ọmọ mi dá wọn lóhùn: "Ẹ tún un ṣe, Bàbá àgbà. Ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín."

"Èmi? Inú ń bí mi níbí!"

Àwọn méjèèjì bú sẹ́rìn-ín, ó sì gé síbẹ̀.

Ojú ewé 3 ló ṣì kù lọ́wọ́ mi. Mo ká a, mo fi sápò. Ọmọ mi ní kí n tún un tẹ̀, mo tẹ̀ ẹ́. Ẹnì kan láti ẹ̀yìn ní òun ò gbọ́ dáadáa, mo tún tẹ̀ ẹ́. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹrin, Màmá ń mi orí, wọ́n ń nu ojú.

"Mo rántí ọjọ́ tí wọ́n ṣe nǹkan yìí," ni wọ́n wí. "Abẹ́ ìrọ̀rí wọn ni mo ti bá oògùn ọjọ́ náà."