Kọnẹ́ṣọ̀n dátábéèsì: ẹ ṣírò ó, ẹ sì dá a padà

"Sorry, too many clients already." Bí dátábéèsì PostgreSQL bá ti ju gbólóhùn yìí (pé kọnẹ́ṣọ̀n ti pọ̀ jù) lu app Node.js, ìdí max_connections, ìyẹn iye kọnẹ́ṣọ̀n tó gbà láyè lẹ́ẹ̀kan náà (100 ni látilẹ̀wá), ni ọ̀pọ̀ máa ń sáré lọ, wọ́n á sọ 100 di 500. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní sùúrù ná. PostgreSQL ń dá process kan sílẹ̀ fún kọnẹ́ṣọ̀n kọ̀ọ̀kan, process náà á sì máa jẹ RAM bó tilẹ̀ jókòó lásán.

Pool ló wà fún èyí. Ó ní kọnẹ́ṣọ̀n mélòó kan tó ti ṣí sílẹ̀, ó ń fi wọ́n háyà bíi kẹ̀kẹ́: ẹni tó bá lò ó tán á dá a padà, ẹlòmíì á gbà á. Ìgbà tí app bá ń dìde ni kí ẹ kọ `new Pool()`, ẹ̀ẹ̀kan péré. Tó bá fi lè wọ inú route (kóòdù tó ń dá ìbéèrè àwọn tó ń lo app lóhùn), ìbéèrè kọ̀ọ̀kan á máa ṣí pool tirẹ̀.

Ẹ wá jẹ́ ká ṣírò. Nínú 100 yẹn, PostgreSQL fi 3 pamọ́ fún superuser, ìyẹn alábòójútó dátábéèsì. Ó ku 97. Ká ní ẹ̀dà app 6 ló ń ṣiṣẹ́, tí ẹ fi `max` (iye kọnẹ́ṣọ̀n tí pool kan lè ṣí) sí 20: 120 nìyẹn, ó ti kọjá. 16 jọ pé ó bá a mu, torí 96 ló máa jẹ́. Àmọ́ lọ́jọ́ tí ẹ bá gbé kóòdù tuntun síta, ẹ̀dà àtijọ́ àti tuntun lè jọ wà fúngbà díẹ̀, 6 á di 12. 8 ni kí ẹ fi sí, 12 lọ́nà 8 á jẹ́ 96. Kò kéré: bí query kan (iṣẹ́ tí app rán dátábéèsì) bá ń gba 5 ms, kọnẹ́ṣọ̀n kan lè ṣe 200 láàárín sẹ́kọ́ǹdù kan.

Èyí tó le jù ni kọnẹ́ṣọ̀n tí wọn ò dá padà:

```
const c = await pool.connect();
await c.query(sql);
c.release();
```

Bí query yẹn bá ní error, kóòdù ò ní dé ìdí `release` mọ́. Ìgbà 8 péré, pool ti gbẹ. Èyí tó bá tún dé á dúró títí, torí 0 ni `connectionTimeoutMillis` (àkókò tó lè fi dúró de kọnẹ́ṣọ̀n) látilẹ̀wá, 0 sì túmọ̀ sí pé kò lópin. App ò kú, CPU dákẹ́, log ò sọ nǹkan kan. Inú `finally`, tó máa ń ṣiṣẹ́ bí error bá tilẹ̀ wà, ni kí `release` wà, kí ẹ sì fi timeout yẹn sí 5000, ìyẹn sẹ́kọ́ǹdù 5. Bó bá jẹ́ transaction (àwọn query tó gbọ́dọ̀ jọ yọrí tàbí jọ já sí asán) ló dàrú, ẹ kọ́kọ́ ṣe ROLLBACK láti fagi lé e, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ẹni tó bá kàn á jogún BEGIN, ìbẹ̀rẹ̀ transaction, tí kò parí. Query ẹyọ kan kò nílò gbogbo èyí: `pool.query` ń dá tirẹ̀ padà fúnra rẹ̀.

Ẹ má gbàgbé `pool.on('error')`. Bí dátábéèsì bá tún ara rẹ̀ tàn, tí kọnẹ́ṣọ̀n tó jókòó sínú pool já, Node á pa gbogbo app náà bí kò bá sí ohun tó ń gbọ́ error yẹn.